Igbá Ni Tàbí Ìkòkò?

Nínú oṣù kọkànlá ọdún 2023 ni ọkọ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í tú èéfín láàrin Ìkirè àti Gbọ́ngán. Ilé-Ifẹ̀ ni mo ń lọ. Mo wo díńgí, mo sì rí i pé àwọn ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn mi ń fà sẹ́yìn bí ẹni tó bá olóko pàdé níbi tó ti ń sun igbó. Èéfín náà kò funfun, bẹ́ẹ̀ ni kò dúdú. Ó jọ aró tí a bu omi là. Àwọn tó mọ̀ nípa ọkọ̀ mọ ohun tí àwọ̀ yìí ń sọ. Bí èéfín bá funfun tí kò sì dáwọ́ dúró, omi ni ó ń wọ ibi tí iná ti ń jó. Bí ó bá dúdú, epo bẹntiróòlù ni ẹ́ńjìnnì ń jẹ ní àjẹjù. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti di aláwọ̀ aró, ọ́ìlì ni ẹ́ńjìnnì ń jó, ẹ́ńjìnnì tó bá sì ń jó ọ́ìlì, ara rẹ̀ ni ó ń jẹ.

Kí n tó padà dé Ìbàdàn ní ọjọ́ kejì, lítà ọ́ìlì méjì ni mo ti bù sí i lójú ọ̀nà. Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè kan kò ti jẹ́ kí n sùn dáadáa: ṣé kí n tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe ni, àbí kí n yọ ọ́ kúrò kí n fi òmíràn sí i? Ẹni tí kò ní ọkọ̀ lè rò pé ọ̀rọ̀ àwọn mẹkáníìkì nìkan ni èyí. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ irú ọkọ̀ tó jẹ́. Peugeot 504 ni, èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Pijó. Bàbá mi ni ó rà á ní ọdún 1983, nígbà tí ó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé; owó tí ìjọba máa ń yá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ láti fi ra ọkọ̀ ni ó fi rà á. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ọdún 1975, ọkọ̀ tuntun kò sì tíì di ohun tí olùkọ́ ń fi ojú lásán wò. Àwọn Faransé ni wọ́n ṣe 504 ní ọdún 1968, ní ọdún 1969 ni wọ́n sì yàn án ní ọkọ̀ tó ta yọ jù lọ ní Yúróòpù. Ṣùgbọ́n lójú tiwa níhìn-ín, àfi bí ẹni pé títì Nàìjíríà ni wọ́n rò kí wọ́n tó ṣe é: ó ga nílẹ̀, kò bẹ̀rù kòtò, kò sì sí ìlú tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í rí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe níbẹ̀.

Ní ọdún 1986 ni ètò àtúntò ọrọ̀-ajé tí a mọ̀ sí SAP dé, tí agbára Náírà wálẹ̀, tí ọkọ̀ tuntun sì kọjá ohun tí apá òṣìṣẹ́ ìjọba ká. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ kan ti gbilẹ̀ lẹ́nu wa: tòkunbọ̀. Orúkọ ènìyàn ni Tòkunbọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a sì gbé wá sílé ni à ń sọ ní orúkọ náà. A wá fi í sọ ọkọ̀, a fi í sọ fíríìjì, a fi í sọ ẹ́ńjìnnì, títí dé orí bàtà. Ìyàtọ̀ kan ni ó wà níbẹ̀. Ọmọ tó ń jẹ́ Tòkunbọ̀, a mọ bàbá rẹ̀, a sì mọ ìyá rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ńkọ́? Ta ni ó mọ ẹni tó wà á? Ta ni ó mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí kí wọ́n tó gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi?

Bàbá mi di olóògbé ní ọdún 2009. Àwọn àbúrò mi fi ẹnu kò pé kí èmi mú ọkọ̀ náà, nítorí pé èmi ni mo máa ń bá bàbá fọ̀ ọ́ ní àràárọ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Báyìí ni mo ṣe di ọlọ́kọ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún ọkọ̀ ṣe ládùúgbò wa ni mo kọ́kọ́ pè. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní kí n tẹná sí i, ó wo ẹnu sàlẹ́ńsà, ó sì mi orí.

"Dádì," ni ó wí, "ẹ́ńjìnnì yìí ti gbó. Ẹ má fi owó yín ṣòfò lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á lọ sí Àràrómi kí á gbé tòkunbọ̀. Láàrin ọjọ́ mẹ́ta, ẹ ti ń wa ọkọ̀ yín."

Mo bi í bóyá a kò lè tú èyí tó wà nílẹ̀ wò ná. Ó rẹ́rìn-ín.

"Dádì, ta ni ó tún ń ṣe ìyẹn láyé ìsinsìnyí?"

Ẹ jẹ́ kí n ṣe òdodo sí ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ẹ́ńjìnnì tí a bá tú palẹ̀, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni. Ayédèrú ohun èlò kún ọjà, bí ẹni tó ń tò ó pọ̀ bá sì ṣe àṣìṣe kékeré, gbogbo owó náà ti wọmi. Awakọ̀ Máíkírà tó jẹ́ pé ohun tó bá pa lóòjọ́ ni àwọn ọmọ rẹ̀ yóò jẹ lálẹ́, báwo ni yóò ṣe gbé ọkọ̀ kalẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì tí a gbé wọlé lónìí tó sì ń ṣiṣẹ́ lọ́la ni ọgbọ́n.

Mo bá a lọ sí Àràrómi, ọjà ohun èlò ọkọ̀ tó wà ní Agodi Gate. Wọ́n to ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ lọ bí àgbò ọjà Iléyá. Bí a ti ń yẹ ẹnu àgbò wò ni àwọn oníbàárà ń yẹ ẹnu ẹ́ńjìnnì wò: wọ́n ń ti ìka bọ ibi tí a ń da ọ́ìlì sí, wọ́n ń fi sípánà yí i, wọ́n ń gbọ́ bí yóò ti dún. Ọlọ́jà kan fi èyí tó bá ọkọ̀ mi mu hàn mí, ó sì búra pé kò tíì jẹ ọ́ìlì rí. Ó ní bí kò bá dára, kí n dá a padà láàrin ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ iye tí ó pè é, mo jókòó. Kí oṣù kẹfà ọdún 2023 tó dé, nǹkan bí ₦460 ni ìjọba ń pààrọ̀ dọ́là kan. Kí ọdún náà tó parí, ó ti kọjá ₦700, gbogbo ohun tó bá ti òkun bọ̀ ni ó sì bá dọ́là gun òkè. Ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo owó tí mo ti kó pamọ́ fún ọmọ mi obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì. Ohun mìíràn sì tún wà níbẹ̀. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú ìwé ọkọ̀. Ẹni tó bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì tí kò tún ìwé rẹ̀ ṣe, ọjọ́ tí ọlọ́pàá bá yẹ̀ ẹ́ wò ni yóò máa ṣàlàyé bí ẹni tó jalè. Mo sọ fún ọlọ́jà pé mò ń bọ̀. Ó wò mí, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀ nù. Ọlọ́jà mọ ìtumọ̀ "mò ń bọ̀" lẹ́nu oníbàárà.

Nígbà tí mo délé, mo ro gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó mi. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi tán.

"Bàbá Ìbùkún," ni ó wí, "ṣé ọkọ̀ ni ẹ fẹ́ tún ṣe ni, àbí bàbá yín?"

N kò rí ìdáhùn fún un.

"Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ ni, ẹ jẹ́ kí á jókòó ṣírò owó. Bí ó bá jẹ́ bàbá yín ni, kì í ṣe owó ilé-ìwé Ìbùkún ni a ó fi ṣe é."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí pé òtítọ́ ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń pa ohun àtijọ́ mọ́ tí a sì ń pe ìbẹ̀rù ìyípadà ní ìfẹ́ àṣà. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sí àgbà tó gbọ́n tó ń wọ àkísà lọ sóde nítorí pé ó fẹ́ràn ẹni tó fún un ní aṣọ náà.

Ní ọjọ́ kejì, mo wa ọkọ̀ náà lọ jẹ́jẹ́ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tó máa ń bá bàbá mi tún un ṣe. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Àlàájì ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ọmọ Tíṣà ni òun máa ń pè mí, bí irun orí mi tilẹ̀ ti funfun. Ní ìgbà kan rí, àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ kún ọgbà náà. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo bá níbẹ̀. Mùsùlùmí òdodo ni Àlàájì, ṣùgbọ́n kò jẹ́ parọ́ níwájú irin. Ó ní ẹni tó bá ń fi irin jẹun kò gbọdọ̀ fi irin tan ènìyàn jẹ, àti pé ohun tí àwọn bàbá òun tó ń bọ Ògún bá òun sọ nìyẹn, kò sì rí ibi tí ó ti ta ko ẹ̀sìn òun.

Kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì fi aago kékeré kan wọn agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Méjì dára, ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin rẹlẹ̀ púpọ̀. Ó ro ọ́ìlì díẹ̀ sínú àwọn méjèèjì tó rẹlẹ̀, ó tún wọ̀n wọ́n, ọwọ́ aago sì gòkè.

"Ẹ rí i?" ni ó wí. "Bí ó bá jẹ́ fáàfù ni, ọ́ìlì tí mo rò sí i kò ní yí i padà. Ríǹgì ni kò fún mọ́."

"Àlàájì, ṣé ó ṣe é tún ṣe, àbí kí n pààrọ̀ rẹ̀?"

"N kò tíì mọ̀, Ọmọ Tíṣà. Igbá ni tàbí ìkòkò ni, ìgbà tí a bá tú u ni a ó mọ̀."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi tí ẹ bá ti gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà rí yóò mọ ohun tí Àlàájì ń sọ. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, igbá tó bá sán kì í ṣe ohun àgbésọnù. Wọn a lu ihò wẹ́wẹ́ sí etí ibi tó sán ní ọ̀tún àti ní òsì, wọn a fi okùn rán an pọ̀, igbá náà yóò sì tún máa wọn àgbàdo fún ọdún púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìkòkò tó bá fọ́ kò ní ìránpọ̀. Ó ti di àpáàdì nìyẹn, a ó fi í bu iná láti ilé kejì. Kò sí ẹni tó ń bú ìkòkò nítorí èyí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ń yin igbá. Bí a ti dá kálukú ni. Àwọn àgbà kò sọ pé kí á pa gbogbo ohun tó gbó mọ́, wọn kò sì sọ pé kí á dà á nù. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè ni pé, kí ni a fi ṣe é, ibo ni ó sì ti sán?

Àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì 504 fi ìwà igbá sí i lára. Sílíńdà rẹ̀ kì í ṣe ihò tí a kàn gbẹ́ sínú irin. Ó ní ẹ̀wù irin tó ṣe é fà yọ, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní sìlíìfù, omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára sì yí ẹ̀wù náà ká. Bí ẹ̀wù náà bá jẹ, a ó fà á yọ, a ó sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀ pẹ̀lú písítìnnì àti ríǹgì tirẹ̀. Ara ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ kò ní ìpalára kankan. Ẹni tó ṣe é mọ̀ pé yóò gbó, ó sì ti pèsè sílẹ̀ de ọjọ́ ogbó rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ara ẹ́ńjìnnì náà bá ti sán, tí kiráńkì ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ti jẹ kọjá ààlà, ó ti di ìkòkò.

Mo san owó ìtúwò. Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kejìlá, mo jókòó sórí bẹ́ńṣì nínú ọgbà Àlàájì, mo ń wò ó bí ó ti ń tú ẹ́ńjìnnì bàbá mi palẹ̀. Ríǹgì kan ti kán nínú sílíńdà kẹta, ó sì ti fá ara ẹ̀wù rẹ̀ bí èékánná ológbò. Àlàájì wọn kiráńkì, ó ní ó ṣì wà láàrin ààlà. Ó fọ ara ẹ́ńjìnnì náà, ó wò ó níwá lẹ́yìn, kò rí ibi tó sán.

"Igbá ni," ni ó wí.

Inú mi dùn. Mo ti ń ronú ohun tí n ó sọ fún ìyàwó mi nígbà tí Àlàájì ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ ibi tí ọ́ìlì máa ń wà, tí ó sì ha ohun kan jáde. Dúdú ni, ó sì ki bí ọ̀dà.

"Ìgbà wo ni ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì kẹ́yìn?"

N kò lè sọ. Àlàájì dìde, ó lọ ṣí àpótí kékeré tó wà níwájú ìjókòó ọkọ̀, ó sì mú ìwé pélébé kan jáde láti abẹ́ àwọn bébà. Mo mọ ìwé náà. Mo ti gbé e láti ibì kan sí ibòmíràn fún ọdún mẹ́rìnlá láìṣí i. Ìkọ̀wé bàbá mi ni ó kún inú rẹ̀. Ọjọ́, oṣù, ọdún, iye kìlómítà, iye owó. Bí ọkọ̀ bá ti rin 5,000 kìlómítà, bàbá mi ti pààrọ̀ ọ́ìlì nìyẹn, kì báà jẹ́ oṣù tí a kò san owó oṣù fún olùkọ́. Oṣù kejì ọdún 2009 ni ó kọ èyí tó kẹ́yìn. Òfìfo ni gbogbo ojú ìwé tó kù.

Kì í ṣe pé n kò pààrọ̀ ọ́ìlì rí láti ìgbà náà. Nígbà tí mo bá rántí ni mò ń pààrọ̀ rẹ̀, èyí tó bá pọ́ọ́kú jù lẹ́bàá títì ni mo sì ń rà.

Àlàájì pa ìwé náà dé, ó sì fi í lé mi lọ́wọ́.

"Ẹ́ńjìnnì yìí kò gbó, Ọmọ Tíṣà," ni ó wí. "Ebi ni ó pa á."

Ojú tì mí. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti fi ń béèrè lọ́wọ́ ẹni gbogbo irú ẹ́ńjìnnì tó yẹ kí n lò. N kò béèrè irú ọwọ́ tí yóò wà á. Bí mo bá ti ra ti Àràrómi, tí ó sì dára bí ọlọ́jà ti búra, ọwọ́ kan náà ni ì bá bọ́ sí. Ọmọkùnrin àdúgbò wa ní kí n pààrọ̀. Ọkàn mi ní kí n tún un ṣe. Àwa méjèèjì ni a ń wo irin, a kò wo ẹni tó ni irin.

Kì í ṣe ìdí ọkọ̀ nìkan ni a ti ń ṣe èyí. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kejìlá ọdún 1983 gan-an, ọdún tí bàbá mi ra ọkọ̀ yìí, ni àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ alágbádá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1985, ológun gbà á lọ́wọ́ ológun. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1993, wọ́n tún pààrọ̀ rẹ̀. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan ni a rí àwọn tó jó tí wọ́n sì yọ̀ pé ẹ́ńjìnnì tuntun dé. Bẹ́ẹ̀ ọ́ìlì àtijọ́ ni a dà sí i. Ẹ wo ẹ̀rọ omi ìlú yín, ẹ wo ilé-ìwé tí ẹ ti kàwé: mélòó ni ó bàjẹ́ nítorí ogbó, mélòó ni ebi pa?

Mo sọ òtítọ́ fún ìyàwó mi, títí dé orí ọ̀rọ̀ ìwé náà. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà ni a jọ ṣírò owó. A kọ́kọ́ san owó ilé-ìwé Ìbùkún. Ohun tó ṣẹ́ kù ni mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́wọ́ Àlàájì, mo sì san ìyókù nígbà tí oṣù tuntun wọlé. Máíkírà ni mo ń wọ̀ kiri Ìbàdàn títí di oṣù kejì ọdún 2024. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Àlàájì dá ríǹgì padà sọ́jà nítorí pé ó wọ̀n wọ́n, ó sì rí i pé ayédèrú ni wọ́n. Ọ̀dọ́mọkùnrin àdúgbò wa gbọ́, ó sì wá wo bí a ti ń fa sìlíìfù yọ. Ó dúró títí iṣẹ́ ọjọ́ náà fi parí. Ó ní, "Dádì, mi ò mọ̀ pé ó ń yọ." Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ó tún padà wá lẹ́yìn ìyẹn, láìsí pé ẹnikẹ́ni pè é. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

N kò ní tan yín jẹ pé mo jèrè owó. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ohun tí mo ná kò fi bẹ́ẹ̀ dín sí iye ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ náà. Èrè tí mo jẹ ni pé mo lè san án díẹ̀díẹ̀, àti pé mo mọ ohun tó wà nínú ẹ́ńjìnnì mi, mo sì mọ ẹni tó fi í síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ara rẹ̀ ti sán ni, Àràrómi ni ǹ bá padà sí, ǹ bá sì lọ pẹ̀lú ọkàn kan.

Ní ọjọ́ tí mo gba ọkọ̀ náà, Àlàájì kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ sá eré títí tí n ó fi rin 1,000 kìlómítà, kí n sì dá a padà wá nígbà náà fún ọ́ìlì tuntun. Lẹ́yìn náà ni ó fi ọwọ́ lu bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Bí ó bá di ìkòkò lọ́jọ́ kan," ni ó wí, "ẹ má sunkún lé e lórí. Ẹ fi àpáàdì rẹ̀ bu iná."

Mo ṣe bí ó ti wí. Ní ọjọ́ tí a da ọ́ìlì tuntun náà sí i, Ìbùkún ti wá sí ilé fún ìsinmi, òun ni ó sì ka iye kìlómítà fún mi. Mo ṣí ìwé bàbá mi. N kò bẹ̀rẹ̀ ojú ìwé tuntun. Abẹ́ ìlà tó kọ kẹ́yìn ní oṣù kejì ọdún 2009 ni mo kọ tèmi sí.